Jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn ayé ogun Hítílà: ojúlówó ni àbí wọ́n fẹ́ gbá mi?

Akínlolú_Kent · Sátidé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kí n tó kó owó lé e.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wá jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ nígbà ogun Hítílà, èyí tí wọ́n ń pè ní Irvin. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rán lóde òní ni mò ń wá, ojúlówó ni. Àná ni mo rí ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta ohun àtijọ́ ní ọjà kan ní ìhà Kent níbí. Awọ rẹ̀ ti ṣú díẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, irun inú rẹ̀ ti pọ́n bíi bọ́tà. Nígbà tí mo gbé e ka apá, ńṣe ló wúwo bí ọmọ tuntun tó ti sùn. Síìpù iwájú ń ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì wà. Lébẹ́ẹ̀lì ni kò sí mọ́, ihò abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán an nìkan ló kù.

Ohun tó fà mí lọ́kàn jù nìyí. Ọ̀já awọ kékeré kan wà lẹ́yìn ọrùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́. Ẹnì kan kọ "A. OLA" sí ara rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí mi ò lè kà tán. Bàbá náà ní ọmọ Áfíríkà kan tó wà nínú RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ló ni ín. Ẹ wo OLA! Ọláníyì ni àbí Ọláwálé? Mi ò sùn dáadáa lóru àná.

£1,400 ló ń béèrè. Ó ní tí kì í bá ṣe ti orúkọ yẹn, òun ì bá tà á ní £900. Ó fún mi di Sátidé tó ń bọ̀, ó sì ní kí n san £200 sílẹ̀ kí òun lè bá mi gbé e pamọ́. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ìyá_Ìbejì_Leeds · Sátidé, aago 9:40 alẹ́

Àbúrò mi, má tíì san kọ́bọ̀. Padà lọ, ya fọ́tò síìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti iwájú àti ti apá méjèèjì. Ya ojú rírán, ya ibi tí lébẹ́ẹ̀lì ti kúrò. Ṣé ó ní àpò?

Akínlolú_Kent · Sátidé, aago 9:46 alẹ́

Ẹ ṣé mà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní àpò méjì níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Tọ́lá_SE15 · Sátidé, aago 9:52 alẹ́

Àpò kẹ̀? Ayédèrú ni. Irvin ayé ogun kò ní àpò rárá. Sá fún un.

Agbawọ_Salford · Sátidé, aago 11:20 alẹ́

Tọ́lá, rọra ná. Òótọ́ ni pé Irvin tí wọ́n pín fún ọmọ ogun kò ní àpò. Ṣùgbọ́n àpò nìkan kò tó kí á fi pe ẹ̀wù ní ayédèrú. Nígbà tí ogun parí, èyí tó ṣẹ́kù bọ́ sọ́jà, àwọn tó ń gun alùpùpù sì rà wọ́n lọ rẹpẹtẹ, nítorí kò sí ohun tó ń gba atẹ́gùn òtútù lára ènìyàn tó o. Nígbà tí ọwọ́ wọn ń tutù lórí alùpùpù, wọ́n gbé e fún aránṣọ kó bá wọn la àpò sí i. Méjì irú rẹ̀ ti gba ọwọ́ mi kọjá láàárín ogún ọdún tí mo ti ń kó wọn jọ.

Akínlolú, ti ọwọ́ bọ inú àpò yẹn. Bí ìka rẹ bá kan etí awọ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, tí irun ń yọ jáde létí ibẹ̀, tí aṣọ lásán sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n là á. Wá fi òwú ibẹ̀ wé òwú tó wà ní èjìká. Bí wọ́n bá bára mu délẹ̀, ní àwọ̀, ní ìnípọn, ní bí ojú abẹ́rẹ́ ṣe jìnnà síra, a jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n rán gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù.

Ó yẹ kí o mọ ibi tí ẹ̀wù yìí ti wá. Ará Amẹ́ríkà ni Leslie Irvin. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1919, ó bẹ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn páráṣúùtì rẹ̀ lójú sánmà. Ní 1926 ó wá dá ilé-iṣẹ́ páráṣúùtì sílẹ̀ ní Letchworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni jákẹ́ẹ̀tì yìí jáde. Nígbà tí ogun gbóná, Letchworth nìkan kò lè rán an tó, wọ́n pín iṣẹ́ náà fún àwọn mìíràn. Wareing's ti Northampton wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí méjì wọn kì í fi í jọra tán, ẹni tó bá sì sọ fún ọ pé gbogbo ojúlówó rí bákan náà kò tíì rí mẹ́ta.

Síìpù ńkọ́? Irin ni, látòkè délẹ̀. Wo ara ahọ́n rẹ̀. Dot, Lightning àti Aero ni orúkọ tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀. Síìpù gígùn kan gbọ́dọ̀ wà ní apá kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè sí ìgbọ̀nwọ́, nítorí ìbọ̀wọ́ ńlá tí wọ́n ń wọ̀. Bí o bá rí eyín ike, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Òwú ló ń tú àṣírí jù. Wá ibi tí fọ́nrán kan ti já tó ń fì, kì í ṣe pé kí o já a o. Gba àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún, gé ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́, fi iná sí i lórí àwo. Òwú ayé ogun máa jó bíi bébà, á di eérú. Poliẹ́sítà, òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, máa yọ́, á di ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré tó le. Ọdún 1941 ni Whinfield àti Dickson, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Gẹ̀ẹ́sì, ṣàwárí poliẹ́sítà ní Accrington, kò jìnnà sí mi níbí, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn ogun kó tó di òwú tí aránṣọ ń rí rà.

Tọ́lá_SE15 · Sátidé, aago 11:41 alẹ́

Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta tèmi fún mi ní ẹ̀yìn ojúlówó gbọ́dọ̀ jẹ́ ègé awọ ńlá kan ṣoṣo, pé èyí tí wọ́n bá fi ègé kéékèèké so pọ̀ kì í ṣe ti ogun.

Agbawọ_Salford · Ọjọ́ Àìkú, aago 7:05 àárọ̀

Ẹni náà sọ ìdajì. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ni ègé awọ wọn tóbi. Bí ogun ṣe ń pẹ́ tí awọ ń ṣọ̀wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ègé kéékèèké pọ̀ kí ohunkóhun má bàa ṣòfò. Ẹ̀wù onígèé púpọ̀ kò yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù, ó kàn ń sọ fún ọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìparí ogun ni. Àwọn olùkójọ kan ń sanwó lé ti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ti ìparí, nítorí mo lè fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ kí n sì mọ bí nǹkan ṣe le tó fún àwọn tó rán an.

Bísí_Dublin · Ọjọ́ Àìkú, aago 8:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Akínlolú, tí ẹ bá rà á tán, ẹ yọ́ òrí díẹ̀, ẹ fi pa á lára kí awọ rẹ̀ lè rọ̀. Mo máa ń fi pa bàtà ọkọ mi, ó sì ń dán.

Ọmọ_Aláwọ_Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Àìkú, aago 10:12 àárọ̀

Bísí, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá mi ní Ọ̀yọ́, tìmùtìmù àti àpò ni wọ́n ń ṣe, inú òórùn awọ ni mo dàgbà sí. Awọ bàtà yàtọ̀ sí awọ yìí pátápátá.

Àgùntàn tiwa nílé, irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara bíi ti ewúrẹ́. Àá fá irun dànù, àá lo awọ. Àgùntàn òyìnbó tí wọ́n fi rán ẹ̀wù yìí, irun rẹ̀ ṣì wà lára awọ, inú irun yẹn gan-an ni ooru ti ń wá. Bí o bá fi òrí tàbí òróró pa òde rẹ̀, kò ní dúró lóde. Á wọnú lọ bá gbòǹgbò irun, irun á dì pọ̀ gbàgìdì, eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró á tún rin òwú ojú rírán tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n pa lóróró báyìí. Apá rẹ̀ já lọ́wọ́ ẹni tó gbé e kọ́, kò sì sí ẹni tó fà á.

Omi pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ kóòtù o. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ àti sùúrù ló nílò.

Akínlolú, fún yíyẹ̀wò, wá abẹ́ apá, níbi tí oòrùn kì í dé. Ká etí awọ náà díẹ̀, díẹ̀ ni mo wí. Tó bá ká wọ́ọ́rọ́, ó ṣì ní ẹ̀mí. Tó bá ń ró bí ewé gbígbẹ, má wọ̀ ọ́ láéláé, àwòṣe ni kó jẹ́. Fi aṣọ funfun nu ún: bí ìyẹ̀fun pupa bá bá a jáde, awọ ti ń kú lọ nìyẹn, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà.

Bísí_Dublin · Ọjọ́ Àìkú, aago 10:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, mi ò mọ̀. Mo fa ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn.

Dáyọ̀_Houston · Ọjọ́ Àìkú, aago 3:48 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará ìlú ọba, ẹ kú iṣẹ́. Mo kan fẹ́ fi ti Amẹ́ríkà kún un, nítorí mo rí i pé àwọn kan ń fi òfin Irvin yẹ B-3 wò, wọ́n sì ń ṣìnà.

B-3 ni jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn tí ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1934. Tiwọn ní àpò kan níwájú lápá ọ̀tún. Ó ní ọ̀já méjì pẹ̀lú bọ́kù ní ọrùn. Wọ́n fi awọ ẹṣin tẹ́ orí ojú rírán àti apá kó má bàa tètè ya. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ jù ni pé wọ́n kun òde rẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀. Ọ̀dà yẹn ló máa ń sán tó ń ṣí kúrò bí èèpo, tí awọ funfun á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i, wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́, wọ́n tún un kùn. Ẹni tó bá tún un kùn ti ba ohun tí à ń wá jẹ́! Èmi náà ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ní 2011, ó sì ń dùn mí di òní.

Lébẹ́ẹ̀lì tiwọn máa ń kọ irú ẹ̀wù náà, orúkọ ẹni tó rán an (Aero Leather ti Beacon, Rough Wear, Perry àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) àti nọ́ńbà iṣẹ́, èyí tó sábà máa ń ní W535 nínú. Ẹ ṣọ́ra, wọ́n ń hun lébẹ́ẹ̀lì tuntun tó jọ ti àtijọ́ tán, wọ́n sì ń tà á lọ́tọ̀ lórí ayélujára. Nítorí náà, ẹ̀wù Akínlolú tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ nìkan, sàn lójú mi ju èyí tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dán gbinrin lọ.

Nígbà tí ogun fi máa dé àárín, wọ́n ti ń fi awọ àgùntàn sílẹ̀. Ó tóbi jù, ó ń dí wọn lọ́wọ́. Aṣọ tí wọ́n fi iná mànàmáná mú gbóná ti dé, B-10 tó jẹ́ aṣọ lásán sì jáde ní 1943. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tó dúró ti ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ B-17, ọkọ̀ òfurufú ńlá tó ń ju bọ́ǹbù, tí fèrèsé ṣí sílẹ̀, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 25,000 sókè, tí òtútù ti lọ sí 40 lábẹ́ òdo. Bí ìka rẹ̀ bá kan irin láìsí ìbọ̀wọ́, awọ ìka á lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mo máa ń rò nìyẹn nígbàkúùgbà tí mo bá gbé tèmi jáde.

Ìyá_Ìbejì_Leeds · Ọjọ́ Àìkú, aago 5:02 ìrọ̀lẹ́

Dáyọ̀, o ṣeun. Àbúrò Akínlolú, mú iná kékeré tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò dání, kò wọ́n. Tàn án sí òwú àti ihò lébẹ́ẹ̀lì nínú òkùnkùn. Ohun tuntun máa ń tàn yòò ní àwọ̀ búlúù. Ohun ayé ogun kì í tàn bẹ́ẹ̀.

Agbawọ_Salford · Ọjọ́ Àìkú, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ó dára, mà, ṣùgbọ́n ó ń tàn wá jẹ nígbà mìíràn. Ọṣẹ ìfọṣọ òde òní ní ohun tó ń mú aṣọ tàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fi ọṣẹ nu lébẹ́ẹ̀lì tàbí òwú ojúlówó rí, òun náà á tàn. Bí kò bá tàn, ó dára. Bí ó bá tàn, lọ yẹ nǹkan mìíràn wò kí o tó dájọ́.

Tọ́lá_SE15 · Ọjọ́ Àìkú, aago 6:15 ìrọ̀lẹ́

Orúkọ yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, irọ́ ni. Bírò kò tíì sí nígbà ogun.

Yẹmí_Lincoln · Ọjọ́ Àìkú, aago 9:33 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Tọ́lá, bírò wà. Kálámù oní-yíǹkì àtijọ́ máa ń da yíǹkì lójú òfurufú, ìdí nìyẹn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gba àṣẹ láti máa ṣe bírò fún àwọn RAF kí ogun tó parí. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Kálámù tí kò sí ni èyí tí orí rẹ̀ rí bí òwú, tí à ń fi kọ ara páálí lónìí.

Ẹ̀gbọ́n Akínlolú, iṣẹ́ ìwádìí ìtàn ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí orúkọ yìí, nítorí mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Ó ti ṣe èmi náà rí.

Àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí RAF fi joyè ọ̀gá. Jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ló pa á ní 1945. Akin Shenbanjo wà ní ẹgbẹ́ 76 ní Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò kọ "Achtung! The Black Prince" (Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ Ọba Dúdú) sára ọkọ̀ òfurufú Halifax wọn nítorí rẹ̀, ó sì gba DFC, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà lójú òfurufú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé ọmọ Yorùbá ló ni ẹ̀wù kan, kò kọjá ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni oníṣòwò ti ń rí wa mú, nítorí ohun tí a ti ń fẹ́ gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló sọ.

Ẹ ro èyí náà. Ọlá tí ẹ kà níbẹ̀, ojú Yorùbá lẹ fi kà á. Ola jẹ́ orúkọ ọkùnrin ní ilẹ̀ Norway, àwọn ará Norway sì pọ̀ nínú RAF. Ẹgbẹ́ 331 àti 332 jẹ́ tiwọn, North Weald ní Essex ni wọ́n ń gbé Spitfire, ọkọ̀ òfurufú ìjà wọn, sí láti 1942, kò sì jìnnà sí Kent. Mi ò sọ pé ara Norway ló ni ín. Mo kàn ní kí ẹ má fi lẹ́tà mẹ́ta san £500.

Kì í tún ṣe gbogbo wọn ló ń wọ Irvin lọ sójú ogun. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1940, ọ̀pọ̀ awakọ̀ Spitfire ń fò láìwọ̀ ọ́, àyè ìjókòó wọn há. Nínú ọkọ̀ ńlá tó ń ju bọ́ǹbù, ẹni tó jókòó síbi tí ooru ń dé lè wọ súwẹ́tà lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó o.

Bí ẹ ó ṣe yẹ orúkọ náà wò nìyí: ẹ mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Awọ àtijọ́ máa ń sán. Bí wọ́n bá kọ orúkọ kí awọ tó sán, ojú sísán á gé lẹ́tà sí méjì, inú ibi tó sán á sì mọ́. Bí awọ bá ti sán kí wọ́n tó kọ ọ́, yíǹkì á ti ṣàn wọnú ibi tó sán, ẹ ó rí i bí omi tó wọ inú poro.

Nọ́ńbà náà, ẹ kọ gbogbo èyí tí ẹ bá lè rí kà. Àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ RAF kọ̀ọ̀kan fi ń kọ ìrìn àjò wọn lójoojúmọ́ wà ní National Archives, ilé ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba, ní Kew ní London, AIR 27 ni kí ẹ béèrè. Orúkọ àwọn tó fò wà nínú rẹ̀. Bí bàbá yẹn bá mọ ẹgbẹ́ tí "A. OLA" wà, ọjọ́ kan péré ní Kew á tú u.

Ọlọ́lá_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, aago 6:50 àárọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jẹ́ kí n sọ tilé. Arákùnrin bàbá mi kàwé ní London ní àwọn ọdún 1960. Irú ẹ̀wù yìí ni wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹrù ọmọ ogun, nítorí yàrá tí wọ́n háyà kò ní iná tó tó. Wọ́n sọ fún wa pé púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn ló rà á, pé ó dín owó ju kóòtù lọ. Wọ́n gbé e bọ̀ wálé, wọ́n tò ó sínú àpótí irin pẹ̀lú káńfọ̀. Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo ṣí àpótí yẹn, àárín òjò ni. Ó ti hu. Mo fa ọrùn ẹ̀wù náà kí n lè gbé e jáde, irun rẹ̀ sì ṣí mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìyẹ́ adìẹ tí a rì bọ omi gbígbóná. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, kì í ṣe nítorí owó.

Ẹ má gbé tiyín wálé o, àyàfi bí ẹ bá ní yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú níbẹ̀, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Akínlolú_Kent · Ọjọ́bọ̀, aago 8:17 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, mo dúpẹ́. Mo lọ lónìí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, gíláàsì àti iná ayẹ̀wówò. Bàbá náà kò bínú, ó tiẹ̀ gbé àga fún mi.

Lightning ló wà lára síìpù iwájú, irin ni. Ti apá òsì náà jẹ́ irin, Lightning. Ti apá ọ̀tún jẹ́ ike, YKK ló wà lára rẹ̀. Nínú àpò, mo kan etí awọ tí wọ́n gé bí Bàbá Salford ṣe wí, irun ń yọ jáde níbẹ̀. Bàbá náà gbà kí n dáná sun òwú méjì. Ti àpò yọ́, ó di ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Ti ojú rírán ẹ̀yìn jó, ó sì di eérú tí mo fẹ́ kúrò lórí àwo. Ègé awọ mẹ́rin ni mo kà ní ẹ̀yìn. Abẹ́ apá ká wọ́ọ́rọ́, aṣọ funfun kò pọ́n.

Ọ̀já ọrùn wá kù. Mo fi gíláàsì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Awọ rẹ̀ ti sán lọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Yíǹkì wọ inú gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ O, ó ṣàn wọ ibi tó sán, ó tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀ bí gbòǹgbò. Etí lẹ́tà náà gbòòrò, orí rẹ̀ gún régé, bíi ti kálámù tí Yẹmí ṣàpèjúwe. Ẹ̀yìn ogun ni wọ́n kọ ọ́, ó sì ti pẹ́ lẹ́yìn ogun.

Mo fi han bàbá náà. Ó gba gíláàsì lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó dákẹ́, ó wá ní òun náà kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ẹni tó tà á fún òun sọ ni òun tún sọ.

Agbawọ_Salford · Ọjọ́bọ̀, aago 8:40 alẹ́

O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Ara ẹ̀wù náà jẹ́ ti ogun. Àpò méjì tí wọ́n là àti síìpù kan tí wọ́n pààrọ̀, yọ owó wọn kúrò. Orúkọ kò gba kọ́bọ̀. Má ju £750 lọ, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti £600.

Dáyọ̀_Houston · Ọjọ́bọ̀, aago 9:02 alẹ́

Mo gbà. Ẹ má yọ síìpù YKK yẹn o. Tí ẹ bá fẹ́ fi ti àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, ẹ máa tún lu ihò tuntun sí awọ.

Agbawọ_Salford · Ọjọ́bọ̀, aago 9:10 alẹ́

Mi ò fara mọ́ ìyẹn, Dáyọ̀. Aránṣọ tó mọ iṣẹ́ lè gba inú ihò àtijọ́ rán an. Mo ti ní kí wọ́n ṣe é fún mi. Ṣùgbọ́n kò sí ìkánjú, kó fi sílẹ̀ ná.

Yẹmí_Lincoln · Ọjọ́bọ̀, aago 9:25 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ka ohun tí Ọlọ́lá_Ìbàdàn kọ. Kì í ṣe ọmọ ogun nìkan ló wọ ẹ̀wù yìí. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni A. OLA, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí òtútù ń pa, tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù ẹrù ọmọ ogun, tó sì kọ orúkọ rẹ̀ kó má bàa sọnù nílé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé. Ẹ má ṣe pa orúkọ náà rẹ́.

Akínlolú_Kent · Sátidé, aago 1:30 ọ̀sán

Mo ti rà á. £700. Mi ò ní pa orúkọ náà rẹ́ láé.

Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà tí mo dé ilé tí mo ya irun abẹ́ ọrùn sọ́tọ̀, mo rí nǹkan funfun bíi hóró ìrẹsì, mẹ́ta, àti ibi tí irun ti jẹ dé awọ, ó tó eékánná. Ṣé kòkòrò ni? Kí n fi káńfọ̀ sí i?

Ìyá_Ìbejì_Leeds · Sátidé, aago 1:44 ọ̀sán

Kòkòrò ajẹṣọ ni. Gbé e kúrò nítòsí aṣọ rẹ yòókù kíákíá! Káńfọ̀ kì í pa ọmọ rẹ̀ níta gbangba bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ nìkan ni kò ní kúrò nínú irun mọ́, kò sì dára kí ènìyàn máa fà á símú.

Fírísà ni. Fi aṣọ òwú funfun wé e, wá gbé e sínú ọ̀rá ńlá, tẹ atẹ́gùn jáde, dì í pa kí omi má wọ̀ ọ́. Fi í sínú fírísà tó tutù dé 18 lábẹ́ òdo, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tó o bá gbé e jáde, má ṣí ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi tó máa ń sẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń kúrò lára rẹ̀ lè wà lára ọ̀rá, kó má wà lára awọ.

Ọmọ_Aláwọ_Ọ̀yọ́ · Sátidé, aago 2:10 ọ̀sán

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, má gbé e kọ́. Ó wúwo jù fún èjìká rẹ̀. Aṣọ òwú ni kí o fi bò ó, kì í ṣe ọ̀rá, kó lè máa mí. Máa ṣí i wò lóṣooṣù, kí o sì máa ya irun abẹ́ ọrùn àti ti abẹ́ apá wò.

Akínlolú_Kent · Sátidé, aago 7:55 alẹ́

Ó ti wà nínú fírísà. Mo fi gíláàsì ka nọ́ńbà orí ọ̀já náà kí n tó dì í: 4, lẹ́yìn náà ohun kan tí mi ò lè kà, lẹ́yìn náà 17, lẹ́yìn náà SE5. SE5 tí mo mọ̀, Camberwell ni, àdúgbò kan ní London. Àbí ojúlé ni? Ọlọ́lá_Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, àdúgbò wo ni arákùnrin bàbá yín gbé nígbà tí wọ́n wà ní London?

Ọlọ́lá_Ìbàdàn · Sátidé, aago 8:31 alẹ́

Camberwell ni wọ́n máa ń dárúkọ. Wọn kì í ṣe Ọlá o, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n gbé, wọ́n ní ọmọ Yorùbá mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Màá wá fọ́tò wọn jáde lọ́la, mo mọ̀ pé orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀.